Ohun Tí Ilẹ̀kùn Ìdèrè Kọ́ Mi Nípa Wíwo Iṣẹ́ Ọnà

Èrúwà,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun, torí ó mọ̀ pé tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà, mo lè gbàgbé ìkíni. Ó kí ọ púpọ̀. Ara wa le. Òjò ń rọ̀ dáadáa, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ti yọmọ, ó sì ti ra ẹ̀gúsí sílẹ̀ fún ọ ní ọjà Láńlátẹ̀. Tí a bá ti rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ rẹ, a ó fi rán an.

Nígbà tí o pè wá lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, tí o ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti gbà ọ́ síṣẹ́ l'Ékòó, ariwo tí ìyá rẹ pa mú kí àwọn ará ilé kejì sáré wá wò wá. Lẹ́yìn náà lo wá rẹ ohùn sílẹ̀, o ní, "Bàbá, iyàrá àwọn ère àti iṣẹ́ igi ni wọ́n fi sí mi lọ́wọ́. Èmi ni n ó máa kọ ohun tí àwọn èèyàn á máa kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìtàn lásán ni mo kà ní yunifásítì, mi ò ka ìtàn iṣẹ́ ọnà. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dáhùn ni nẹ́tíwọ̀kì já. Bóyá ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí ìdáhùn náà gùn ju ohun tí a lè sọ lórí fóònù lọ. Jókòó, kí o fara balẹ̀ kà á.

Má rò pé tíṣà yíyàwòrán bíi tèmi mọ gbogbo rẹ̀ o. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀, ìyẹn Màmá Fẹ́mi, tó kọ́ wa ní iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà èwe mi. Orúkọ ọmọ wọn àkọ́bí la fi ń pè wọ́n. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n, ohùn wọn kì í lọ sókè, ṣùgbọ́n títí di òní mi ò tíì rí ẹlòmíràn tó mọ nǹkan wò bíi tiwọn. Ohun tí mo rí tí wọ́n ṣe ní Ìdèrè ni n ó sọ fún ọ, n ó sì máa yọ ìmọ̀ràn nínú rẹ̀ bí mo bá ṣe ń lọ.

Ọkùnrin àgbà kan láti Ìdèrè, Bàbá Ràṣídì, ló wá bá Màmá Fẹ́mi ní ilé ẹ̀kọ́. Òjò ti wó ògiri ilé àtijọ́ tí bàbá àgbà wọn, Mọ́mọ̀dù, kọ́. Ẹbí náà ti pín sí ẹ̀ka méjì, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ti kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú àgbàlá. Ohun tó kù nínú ilé àtijọ́ tí kò bàjẹ́ ni ilẹ̀kùn ńlá rẹ̀, tí ọnà kún ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Méjì nínú àwọn ọmọ Mọ́mọ̀dù jẹ́ agbẹ́gi: Àkànní, bàbá tó bí Bàbá Ràṣídì, àti Àjàó àbúrò rẹ̀, bàbá tó bí Àlàájà Sìdíkátù. Bàbá kan náà ni wọ́n ní, ìyá wọn yàtọ̀. Bàbá Ràṣídì ní bàbá òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, ilé òun ló yẹ kó lọ. Àlàájà ní rárá, bàbá tòun ni.

Ọ̀rọ̀ náà ti le débi pé ní Iléyá tó ṣáájú, ẹ̀ka kejì dá àwo ẹran tí ẹ̀ka kìíní gbé wá padà. Àwọn ọmọ wọn kì í bá ara wọn ṣeré mọ́. Lèmọ́mù àdúgbò ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá ẹni tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà tí kì í ṣe ọmọ ìlú. Màmá Fẹ́mi gbà láti lọ, wọ́n sì mú èmi dání, torí pé ọwọ́ mi yá sí yíyàwòrán.

Èkíní, ọmọ mi: wò ó kí o tó gbọ́ ọ.

Bí a ṣe wọ àgbàlá ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Bàbá Ràṣídì ń sọ tirẹ̀, Àlàájà ń já a lẹ́nu, àwọn ìyàwó ilé ń dá sí i. Màmá Fẹ́mi kúnlẹ̀ kí wọn tán, wọ́n wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà mi. N ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ojú mi kọ́kọ́ rí i kí etí mi tó kún." Wọ́n gbé àpótí síwájú ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó, wọ́n sì ń wò ó. Oòrùn àárọ̀ ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, ó ń fi òjìji sí ẹ̀yìn ère kọ̀ọ̀kan, débi pé ẹṣin tó wà lókè dà bíi pé ó fẹ́ rìn jáde kúrò lára igi. Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ ibi tí oòrùn ti ń yọ sí ilé yẹn. Nígbà tí o bá wọ iyàrá rẹ l'Ékòó, tí o rí ère lábẹ́ iná tí kì í yí padà, bi ara rẹ léèrè irú ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ṣe é fún. Lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀, wò ó láti ìsàlẹ̀.

Màmá Fẹ́mi ní kí n ya ilẹ̀kùn náà. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Lókè, ọkùnrin kan gun ẹṣin, àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé e. Lábẹ́ rẹ̀, ọdẹ kan àti ajá rẹ̀. Ní ìpele kẹta, obìnrin méjì kọjú síra wọn, ọ̀kan ń gún nǹkan nínú odó, ìkejì gbé fìtílà lọ́wọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, ọkùnrin tó gun kẹ̀kẹ́, àti ọmọ kan tó gbé wàláà tí wọ́n fi ń kọ́ kéwú sórí itan. Ọwọ́ mi yá, mo parí kíákíá, mo gbé e fún wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ó dára. Kí ló wà lójú àwọn obìnrin yìí?"

Mo ní, "Ojú, imú, ẹnu, Mà."

"Padà lọ wò ó."

Nígbà náà ni mo tó rí i pé ilà wà lójú àwọn obìnrin méjèèjì, àti pé ilà wọn kò rí bákan náà. Ọ̀kan kọ àbàjà, èkejì kọ pélé. Ojú obìnrin tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo yà, mi ò ya èyí tó wà lára igi. Fóònù á bá ọ ya fọ́tò, lò ó, ṣùgbọ́n máa fi ọwọ́ rẹ yà á pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ burẹ́wà. Ìgbà tí ọwọ́ bá ń tọ ìlà nǹkan ni ojú tó ń dúró.

Èkejì: mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Màmá Fẹ́mi fi ìka tọ ìlà inú igi náà láti òkè délẹ̀. Wọ́n yí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n wò ó, wọ́n tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ṣàlàyé pé àdín ni àwọn fi ń pa á lára lọ́dọọdún, ìdí nìyẹn tó fi ń dán. Màmá Fẹ́mi wá fi hàn mí pé ìlà igi náà kò já níbì kankan. Pákó kan ṣoṣo ni, ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lórí rẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n gbẹ́ sọ́tọ̀ tí wọ́n wá kàn mọ́ ọn.

Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí ohun tí Bàbá Ràṣídì sọ nìyí nígbà tí a gbà á láyè: "Tíṣà, ilẹ̀kùn yìí ti wà kí nǹkan òyìnbó kankan tó dé ìlú yìí. Àjàó ò tíì mọ irin dì mú nígbà yẹn."

Màmá Fẹ́mi bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, ìgbà wo ni kẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ dé Ìdèrè?"

Baba rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi máa ń sọ ọ́! Ó ní òun ti dàgbà, òun ti láya nílé, síbẹ̀ òun bá àwọn ọmọdé sáré tẹ̀ lé e." Ó sọ ọ́ tán, ó wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ̀rín náà sì tán lójú rẹ̀. Kò sí bí agbẹ́gi ṣe lè gbẹ́ ohun tí kò tíì rí. Bí Àkànní bá ti láya nílé nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, àbúrò rẹ̀ náà ti tó iṣẹ́ ṣe.

Àlàájà pàtẹ́wọ́. "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ!"

"Ẹ ṣe sùúrù, Mà," ni Màmá Fẹ́mi wí. "Kẹ̀kẹ́ sọ ìgbà tí wọn ò lè tíì gbẹ́ ẹ fún wa. Kò tíì sọ ẹni tó gbẹ́ ẹ."

Àṣàkẹ́, fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára obìnrin yẹn ni pé kì í fi ẹ̀rí kékeré sọ ọ̀rọ̀ ńlá, ì báà jẹ́ pé gbogbo agbo ló ń dúró de ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀kẹta: kọ́ bí a ṣe ń dá ọwọ́ oníṣẹ́ mọ̀. O mọ̀ pé mo lè dá ìwé tí o kọ mọ̀ láàárín ìwé ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í ṣe torí lẹ́tà ńlá tí o fara balẹ̀ kọ, bí kò ṣe torí bí o ṣe ń fa ìrù kékeré tí ìwọ alára kì í kíyè sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbẹ́gi. Ibi tó mọ̀ pé gbogbo ojú máa wò, ó lè fara wé ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀. Ní etí, ní èékánná, ní ìkángun aṣọ, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ bó ṣe mọ́ ọn lára.

Màmá Fẹ́mi ní kí wọ́n gbé nǹkan mìíràn wá, èyí tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn lé lórí. Bàbá Ràṣídì gbé àpótí ìjókòó tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ jáde, orí èèyàn mẹ́rin ló wà ní ìdí rẹ̀. Àlàájà mú wa lọ wo òpó ìwájú ilé ìyá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí iṣẹ́ Àjàó. Mo ya etí tó wà lára àpótí, mo ya èyí tó wà lára òpó. Etí Àkànní rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Etí Àjàó ki, ó rí bí èèpo ẹ̀pà, ìlà inú rẹ̀ sì jẹ́ méjì.

A padà sídìí ilẹ̀kùn. Ẹlẹ́ṣin ní etí bí oṣù. Ọdẹ náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ní etí ẹ̀pà, ọmọ oníwàláà náà sì ní i. Mo ti fẹ́ pariwo pé àwọn méjèèjì ló ṣe é, ṣùgbọ́n Màmá Fẹ́mi di ọwọ́ mi mú. Ìpele kẹta ni wọ́n ń wò. Alábàjà tó ń gún odó ní etí ẹ̀pà. Onípélé tó gbé fìtílà ní etí bí oṣù.

Mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́, jẹ́ kí n kàn máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Wọ́n á máa dárúkọ tíọ́rì oríṣiríṣi níbi iṣẹ́ rẹ. Má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà ọ́. Ìbéèrè ni tíọ́rì, tí ẹnì kan tẹnu mọ́ títí tí àwọn ẹlòmíràn fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ń béèrè bí nǹkan ṣe rí nìkan, ìlà rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àyè tó wà láàárín rẹ̀. Àwọn kan ń béèrè ohun tí àwòrán dúró fún. Àwọn kan fẹ́ mọ ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é, àti agbára tó wà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Àwọn mìíràn ní, àwọn obìnrin ńkọ́? Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń béèrè ẹni tó ń sọ ìtàn náà, àti ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Mo ti rí àwọn ọ̀mọ̀wé tó di ọ̀kan mú tí wọ́n ń bínú sí àwọn yòókù. Màmá Fẹ́mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àgbàlá yẹn, mo rí i tí wọ́n ń béèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìdárúkọ tíọ́rì kankan.

Màmá Fẹ́mi bi àwọn ará ilé pé, "Ṣé Bàbá Mọ́mọ̀dù máa ń gun ẹṣin ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ ni Mọ́mọ̀dù, ẹsẹ̀ ló fi ń rin oko lọ rin oko bọ̀. Nítorí náà ẹṣin yẹn kì í ṣe ìròyìn, iyì tí àwọn ọmọ fẹ́ fún bàbá wọn ni. Ọmọ oníwàláà ńkọ́? Wọ́n ní Mọ́mọ̀dù ló kọ́kọ́ kọ́ kéwú nínú ìdílé náà. Ìyẹn jẹ́ ìròyìn. Lára igi kan náà, ọ̀kan jẹ́ àdúrà, ọ̀kan jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Máa bi ère kọ̀ọ̀kan léèrè èwo ló jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Màmá Fẹ́mi bi wọ́n pé ta ni àwọn obìnrin méjì náà. Àwọn ọkùnrin ní wọ́n kàn jẹ́ obìnrin ni. Àlàájà Sìdíkátù ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, kò fi jà mọ́.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá bàbá mi máa ń fọwọ́ kan èyí tó gbé fìtílà, á ní, 'Èmi nìyí o.' Ó ní nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́, òun àti ìyáálé òun lọ bá àwọn ọmọ náà nídìí igi, wọ́n ní ta ló ń gbọ́únjẹ fún yín, tí ẹ fi fẹ́ gbẹ́ ajá, tí ẹ ò sì gbẹ́ wa?"

Màmá Fẹ́mi bi í bóyá ìyá bàbá rẹ̀ kọ ilà. "Pélé," ni Àlàájà wí.

"Bàbá, ìyá bàbá tiyín ńkọ́?"

Bàbá Ràṣídì ní, "Àbàjà."

Màmá Fẹ́mi na ọwọ́ sí mi. Wọ́n gba ìwé ìyàwòrán mi, wọ́n gbé e fún baba náà, pẹ̀lú etí méjèèjì tí mo yà. Ó wò ó, ó wo ilẹ̀kùn. Mo rí i pé ó ti yé e, inú rẹ̀ kò sì dùn, torí ó dìde lójijì, ó ní àkókò ìrun Àílà ti tó, ó sì jáde. A jókòó síbẹ̀. Mo rò pé a ti ba nǹkan jẹ́.

Nígbà tó padà dé, omi àlùwàlá ṣì wà nírùngbọ̀n rẹ̀. Ó lọ tààrà sídìí ilẹ̀kùn, ó fi ìka tọ etí onípélé, ó tún fi tọ etí alábàjà. Ó pe Àlàájà, "Sìdíkátù, wá."

Àlàájà lọ bá a.

"Bàbá mi ló gbẹ́ ìyá bàbá rẹ. Bàbá rẹ ló gbẹ́ ìyá bàbá mi. Ọlọ́hun ló rí i, kálukú wọn gbẹ́ ìyá ẹnìkejì rẹ̀."

Àlàájà fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí bàbá yín ṣe wé gèlè màmá wa. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fara balẹ̀ ṣe é." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, baba náà sì dúró tì í, ó ń sọ pé ó tó, ó tó, tí ojú tirẹ̀ náà sì ti pọ́n.

Ẹnì kan bi Màmá Fẹ́mi pé kí ló dé tí àwọn agbẹ́gi méjèèjì fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀. Igi kò sọ ìyẹn, ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n ṣe é dáadáa." Mo gba ti obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn ì bá sọ ọ̀rọ̀ dídùn kan, gbogbo wa ì bá sì gbà á. Tí ìwọ náà bá ń kọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère, tí o dé ibi tí o kò mọ̀, kọ ọ́ pé o kò mọ̀. Ojú kò gbọdọ̀ tì ọ́.

Bó ṣe yọrí sí nìyí: ilẹ̀kùn náà kò lọ sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wọ́n mọ ògiri síwájú àgbàlá, wọ́n ṣe ẹnu ọ̀nà kan tó ní òrùlé, wọ́n sì gbé e kọ́ síbẹ̀ ní ìhà ìlà oòrùn, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sí ilé méjèèjì máa gba ibẹ̀ kọjá. Ní Iléyá tó tẹ̀ lé e, ojúkò kan ni wọ́n ti jẹun. Wọ́n fi ẹran ránṣẹ́ sí Màmá Fẹ́mi ní ilé ẹ̀kọ́, àwo méjì, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka méjèèjì, gbogbo wa la sì jọ jẹ ẹ́.

Bọ̀wọ̀ fún àwọn tí o bá lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ọmọ mi. Ka ìwé wọn, lo ọ̀rọ̀ wọn níbi tó bá ti yẹ. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìwé wo ère fún ọ. Jẹun lásìkò. Má sì máa fi gbogbo ọjọ́ Sátidé ṣiṣẹ́, mo mọ̀ ọ́.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère tí wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́ kò ní orúkọ oníṣẹ́ lára. O máa bá a níbẹ̀ pé àwọn tó ṣáájú rẹ ti kọ ọ́ pé, "Kò sí ẹni tó mọ agbẹ́gi yìí." Bí wọ́n bá fún ọ láyè, yí i padà. Kọ ọ́ pé orúkọ rẹ̀ ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa la pàdánù rẹ̀, òun kò wà láìlórúkọ rí. Bí o bá dúró síwájú iṣẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, rántí pé nígbà tó ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́, ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pe orúkọ rẹ̀ ketekete, ó ní kó gbé irin sílẹ̀, kó wá jẹun kó tó tutù.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn káàkiri Èrúwà.